Ìbéèrè tí Ẹ̀rọ Bi Wá ní Pálọ̀ Bàbá Wa

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, àní ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì, ojú èmi fúnra mi ló ṣe.

Ilé ìdáná la wà, nílé bàbá wa ní Bàrígà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé nígbà náà, níbi tí ìyá ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà. Irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n mi, síbẹ̀ àlejò ni mí nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Àbúrò bàbá mi ń bẹ iṣu. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, mo tì í. Kò gbójú sókè.

"Ọmọkùnrin tó máa ń rọ̀ mọ́ ìyàwó bàbá rẹ kékeré yẹn, ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà."

"Kì í ṣe òun ló bí i."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, iṣu lọ́wọ́, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́. Ìyá mi ni àkọ́kọ́. Ó bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó bí èmi, ó tún bí àwọn mìíràn tẹ̀ lé wa. Ìyàwó kejì bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà ò sì tíì já lẹ́nu ọmú tí àìsàn fi mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyàwó kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ọmọ apẹja láti Ìlàjẹ létí ọ̀sà. Aṣọ ìyàwó rẹ̀ ò tíì ṣá tí wọ́n fi gbé ọmọ olóògbé pọ̀n ọ́n. Bàbá wa pe àwọn àgbà ẹbí jọ, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wí nínú ilé yìí pé obìnrin yìí kò bímọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wí pé ọmọ yìí kò níyàá.

"Kí ló dé tí ẹ wá ń sọ ọ́ fún mi?" mo bi í.

"Kí o má baà sọ ọ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ló máa ń ṣì í sọ. Gba iṣu yìí, lọ fọ̀ ọ́."

Bí mo ṣe di ọ̀kan nínú ilé náà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ, àwọn ará ilé wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Àwa ọmọ a máa jà, a máa bú ara wa ní orí, ní imú, ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìnàkí pàápàá kì í fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ tó ń ro ó: ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde. Mi ò mọ ìgbà tí ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó ṣáà mọ̀. A mọ̀ pé ó mọ̀, obìnrin náà mọ̀ pé ó mọ̀, gbogbo wa sì ń gbé inú ìmọ̀ yẹn bí ènìyàn ṣe ń gbé inú ilé láìmáa tọ́ka sí ògiri.

Kò bímọ mìíràn. Mo gbọ́ pé ó gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Nígbà tó yá, ó jáwọ́, ó dojú kọ ẹja rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni yàrá rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ààrò tó fi ń yan ẹja wà, a sì ń pè é ní Màmá Ẹ̀yìnkùlé títí àwọn ará àdúgbò fi gbà á bí orúkọ. Òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ẹja yẹn ló fi rán ọmọ náà lọ sílé ìwé, bàbá wa kàn ń dá sí i nígbà tó bá rí i ni. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, nígbà tí ọmọ di lọ́yà, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wa ní kí ìyá lọ́yà jáde síwájú. Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu pásítọ̀ tí Màmá Ẹ̀yìnkùlé ti dé ibi pẹpẹ. Ìró bàtà rẹ̀ nìkan la gbọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni èmi ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹ mọ àdúgbò wa. Bí o bá ń kọjá, o ò ní gbọ́ ohùn ara rẹ, ìró mọṣíìnì ni láti ojúlé dé ojúlé. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú, páálí ìpara, kò sí ohun tí a kì í tẹ̀. Lọ́yà gba yàrá kan sí òkè ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Ní ọ̀sán, bí iná bá ti lọ, á sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó lórí òkìtì ìwé lọ́dọ̀ mi. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún mi, ẹ̀rọ tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń fèsì bí ènìyàn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gbé iṣẹ́ kan lé òun lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ náà lè dá rìn dé nínú ọ̀rọ̀ òfin láìsí ẹni tó ń dì í lọ́wọ́ mú.

"Bíi ọmọ tó ń kọ́ ìrìn," ló wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó dì í mú. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ ó na ọwọ́ síta bóyá á ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ ó jókòó sí àga yín, ẹ ó máa wò ó. Èmi ti dé ibi àga báyìí, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Báwo lo ṣe ń dán an wò?"

"Ẹjọ́ tí adájọ́ ti dá ni mo máa ń fún un. Mo máa ń fi ìdájọ́ pamọ́ fún un, màá ní kó dá tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi méjèèjì wéra."

"Ó ń gbà á?"

"Ó kọ́kọ́ ń parọ́. Á pe ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rò rí, á fún un lórúkọ, á fún un lọ́dún."

"Bíi ti ẹ̀yin lọ́yà."

"Tiwa ní wíìgì lórí, ẹ̀gbọ́n mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ nísinsìnyí, ó ti ń ronú o. Á sọ ohun tí òfin wí, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á wá fi ọ̀kan kan èkejì títí á fi dé ibi tó ń lọ. Òun àti adájọ́ sábà máa ń pàdé lójú ọ̀nà."

"Níbo ló ti wá ń ṣubú?"

"Ibẹ̀ ni mo ṣì ń wá."

Mo ní kó kúrò lórí ìwé mi kó má baà run ún.

Bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ kó tó kú. Apá kan ara rẹ̀ ló ti rọ, ìyá mi sì ti ṣáájú rẹ̀ kú. Màmá Ẹ̀yìnkùlé ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà bí ó ṣe ń yí ẹja padà, jẹ́jẹ́, kó má baà já. Nígbà tí bàbá kú, kò fi ìwé ìpíngún sílẹ̀. Kò fẹ́ ìkankan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì ò fún un ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa títí ó fi kú nítorí wọn, á sì máa sọ pé nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, òun á máa lọ jẹ ẹja yíyan nílé.

Ilé yẹn nìkan ló fi sílẹ̀, ilé ilẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti ń dípẹtà. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi wá láti òkè òkun, ó ní òun fẹ́ rà á, òun á wó o, òun á kọ́ ilé olókè síbẹ̀. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi, èyí tó ń ta páàtì mọ́tò ní Pedro, ló mú un wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí a tà á, kí a pín in, kí oníkálukú máa lọ.

Báwo la ó ṣe pín in? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ ni a ó fi pín in. Àwa ọmọ ìyá mi, pẹ̀lú gbogbo bí a ṣe pọ̀ tó, a ó gba ìdajì, Lọ́yà nìkan á sì gba ìdajì kejì. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, iye kan náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbà. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí àbúrò mi ará Pedro ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ èmi lọ́kàn, kò sí nínú ìdí-igi, kò sí nínú orí-ò-jorí. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni. Bí wọ́n bá wó ilé yẹn, níbo ni obìnrin náà fẹ́ lọ? Èéfín ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un ní Ìlàjẹ wá, kò gbé ilé mìíràn rí. Mo mọ̀ pé ohun tí Lọ́yà náà ń rò nìyẹn, òun ló fà á tí kò fi fẹ́ kí a tà á. Àmọ́ bó bá ti lanu, àbúrò mi á dá a lóhùn.

"Sọ ọ́ kó yé wa, Lọ́yà. Ṣé nítorí Màmá ni àbí nítorí ìdajì?"

Ní ayé àtijọ́, àwọn àgbà ni ì bá dá a. Wọn ò sí mọ́. Àbúrò bàbá mi nìkan ló kù nínú wọn, ọkàn tirẹ̀ sì ti ṣáájú ara lọ. Bí mo bá lọ kí i, bàbá mi ló ń pè mí. Àbúrò mi ní kí a gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí í ṣe olórí wa báyìí, mi orí.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Ta ni kó wá dá a?" àbúrò mi bi í. " Lọ́yà tó wà láàárín wa, òun ló ni ìdajì."

Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló dá sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dá a."

Ó ṣàlàyé fún wọn bí ó ti ṣàlàyé fún mi. Ó ní níwájú gbogbo wa ni, ohun tí a bá fẹnu ara wa sọ nìkan ni òun á tẹ̀ sí i, òun ò ní bu ìyọ̀ sí i. Ó ní ẹ̀rọ náà ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, kò jẹ ẹja ẹnikẹ́ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí wa. Àbúrò mi pàápàá gbà.

"Kò ṣáà ní béèrè owó ọtí," ló wí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la pàdé ní pálọ̀ bàbá wa. Màmá Ẹ̀yìnkùlé gbé omi tútù wá fún wa, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi ẹ̀gbọ́n mi nípa orúnkún tó ń dùn ún. Ìyàwó ilé kì í jókòó níbi tí àwọn ọmọ ilé bá ti ń pín ogún, nítorí náà ó padà sídìí ààrò rẹ̀. Fèrèsé pálọ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ooru mú, a ṣí i sílẹ̀, èéfín sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

Lọ́yà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí àpótí tí bàbá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Òyìnbó, nítorí náà ó ní kí ẹ̀rọ náà máa sọ Yorùbá jáde. Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti òyìnbó ajíhìnrere tó pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ pé, ohùn ló ń rọ́. Àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní kó kí wa."

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ ná," Lọ́yà dáhùn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa sọ tẹnu rẹ̀, Lọ́yà sì ń tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi sọ tirẹ̀ pẹ́, ó sọ ti oníbàárà, ó sọ ti òrùlé. Nígbà tí a sọ tán, ẹ̀rọ náà ní òun ní àwọn ìbéèrè. Èyí yà mí lẹ́nu. Ó béèrè bóyá olóògbé kọ ìwé ìpíngún. A ní rárá. Ó béèrè irú ìgbéyàwó tó ṣe. A ní ti ìbílẹ̀. Ó béèrè bóyá òun ló ni ilẹ̀ náà tàbí ẹbí rẹ̀ ló ni ín. A sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n wa ń mi orí, ó ní ẹ̀rọ náà mọ ohun tí ènìyàn ń béèrè, ó dà bí ẹni pé ìyá àgbà kan ló wà nínú rẹ̀.

Ó béèrè iye ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí. A sọ ọ́. Ó béèrè ti ìyàwó kejì. Lọ́yà fúnra rẹ̀ dáhùn, kò gbójú sókè: "Ọmọ kan. Ìyá rẹ̀ ti kú." Òkú ni a ń sọ, a lè sọ ọ́.

Ẹ̀rọ náà wá ní, "Ìyàwó kẹta. Ọmọ mélòó ni ó bí fún olóògbé?"

Mo ti wà níbi òkú, mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ká, mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò mi ará Pedro, tí ẹnu rẹ̀ kì í dì, gbójú sókè ó ń wo àjà. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi obìnrin ń tún ìró rẹ̀ dì, ìró tí kò tú. Kò sí ẹ̀dá kan nínú ilé yẹn tó bi wá ní ìbéèrè yẹn rí, nítorí gbogbo ẹni tó lè bi wá ló ti mọ̀, ẹni tó sì mọ̀ kì í béèrè. Ẹ̀rọ náà ń dúró. Kò wúkọ́, kò yí ọ̀rọ̀ padà, kò ní kí a jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ilà kékeré kan ń tàn, ó ń kú, níbi tí èsì máa bọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n wa ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Tẹ ohun tó bá yẹ."

"Kí ló yẹ, Àǹtí?"

Mo rí ìka Lọ́yà lókè bọ́tìnnì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún gbogbo wa pé òun ò ní bu ìyọ̀ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Inú mi ń sọ pé ó parí, pé ó ti kọjá. Mi ò mọ̀ pé àṣà ẹ̀rọ náà ni pé kó tó dájọ́, á kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un padà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ dáadáa. Bí adájọ́ rere ṣe ń ṣe nìyẹn, Lọ́yà sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ohùn òyìnbó yẹn sì jáde, ó le, ó mọ́ gaara, ó kún pálọ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde:

"Ìyàwó kejì bí ọmọkùnrin kan, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó kẹta wà láàyè. Kò bí ọmọ kankan."

Ó wá dájọ́. Ìdájọ́ náà dára. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òtítọ́ ni. Ó ní nílẹ̀ Yorùbá, ìdí-igi ni àṣà ìpìlẹ̀, pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìdí-igi bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ó sì fi ọ̀nà méjèèjì hàn wá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lè ta ilé náà láìjẹ́ pé ìdí méjèèjì fọwọ́ sí i. Ó ní opó tí kò bímọ kò ní ìpín nínú ogún, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé e kúrò nínú yàrá rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jẹ́ ìyàwó ilé náà. Ó tún ní bó bá jẹ́ pé a fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, kí a kọ́kọ́ wá ibùgbé fún un.

Lọ́yà mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní àmín. Àbúrò mi ará Pedro họ orí, ó ní, "Ó dáa. Ó ti fi òfin nà mí, kò sì sí ẹni tí mo lè bá jà." A rẹ́rìn-ín. Ilé ò ní wó. Yàrá ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀. Mo rò pé ohun tí mo ń bẹ̀rù ti kọjá lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi obìnrin ló gbọ́ òórùn. Ó ní, "Kí ló ń jóná?"

Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, ẹja ti di èédú lórí ààrò. Kò sí ẹni tó rí ẹja Màmá tó jóná rí. Ó wà nínú yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ kan sórí itan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdájọ́ náà fún un pẹ̀lú ìdùnnú.

"Mo gbọ́," ló wí. "Wọ́n ní mo lè máa gbé ibẹ̀. Ẹ kú wàhálà, ẹ kú àbójútó. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Lọ́yà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Obìnrin náà ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ènìyàn òun ní Ìlàjẹ, ó lọ, ó padà wá kó àwọ̀n irin tó fi ń yan ẹja. Ó tún lọ. Nígbà tó ṣe, a ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù.

Lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí ìwé, mi ò sì lé e. Ó ní òun ti gbé ìdájọ́ náà yẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, òun tún fi han ẹnì kan tó ju òun lọ, àwọn méjèèjì wá àṣìṣe títí.

"Kò sí, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó dá rìn, kò ṣubú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, mo sì ti mọ̀ ọ́n."

"Ìbéèrè yẹn ńkọ́?"

"Ó tọ́ kó béèrè rẹ̀. Adájọ́ pàápàá á béèrè rẹ̀."

"Àgbà ò ní béèrè rẹ̀."

"Nítorí àgbà ti mọ̀ ni."

"Nítorí ó ti mọ̀, ó sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé."

Ó ń wo mọṣíìnì mi tí kò ṣiṣẹ́, iná ti lọ. Ó ní wọ́n ní kí òun kọ àbájáde àyẹ̀wò náà, òun ti kọ ibi tó ti gbà á àti ibi tó ti ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò mọ abẹ́ èwo ni òun á kọ èyí sí. Kì í ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe àṣeyọrí.

Nígbà tó yá, ó ní kí n sin òun lọ sí Ìlàjẹ.

A gba etí omi lọ, a kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń ha ìpẹ́ ẹja. Ilé pákó kan ló wà, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá. Màmá fúnra rẹ̀ rí wa lókèèrè, ó dìde, ó ti gbé àga síta kí a tó dé. Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó tútù.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," ló wí. "Aṣọ yín á dọ̀tí."

Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá lè rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Bí obìnrin bá wọ ilé ọkọ, gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé ló jẹ́ ọkọ fún un. Bó ṣe ń pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láti àárọ̀ ọjọ́ nìyẹn, tó sì ń fi ẹ̀yin bá wa sọ̀rọ̀ bí a tilẹ̀ kéré sí i. Ṣùgbọ́n "ọmọ mi" ló máa ń pe Lọ́yà. "Ìwọ" ló máa ń bá a sọ. Á ní, "Wá jẹun, ìwọ olórí kunkun yìí." Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà bá Lọ́yà lẹ́yìn bí ẹgba. Kò dìde.

"Màmá, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Kí ni mo ṣe yín? Mo ní kí ẹ dìde ni."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ̀rọ?"

Ó gbé ẹja síwájú wa, ó bù ú fún mi, ó bù ú fún un, ó yọ eegun rẹ̀ fún un bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Nígbà tó rí ohun tó ń ṣe, ó fi ẹja náà sílẹ̀.

"Ẹ ò parọ́," ló wí. "Ṣé mo gbàgbé pé mi ò bímọ ni? Mo mọ̀ ọ́n lójoojúmọ́ ayé mi. Mi ò kàn gbọ́ ọ rí nínú ilé yẹn ni. Wọ́n pa á mọ́ fún mi títí orí mi fi funfun." Ó fi etí ìró nu ọwọ́. "Mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tó béèrè, mo dúró. Mo ní lọ́kàn mi, ẹ ó sọ pé, èmi nìyí."

Omi ń gbá òpó abẹ́ ilé. Lọ́yà ṣì wà lórí eékún.

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Màmá," ohùn rẹ̀ kéré, "òfo ni màá kọ sábẹ́ orúkọ ẹni tó bí mi. Ẹni tó kú kí n tó já lẹ́nu ọmú. Èmi nìkan ló ní láyé. Bí èmi náà bá ní kò bímọ, ta ló máa sọ pé ó bí?"

Obìnrin náà wò ó. Mo rò pé á na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ọkọ mi." Ó dìde, ó wọlé lọ wá omi tí a máa fi fọ ọwọ́.

Ìdí igi méjì náà ni ì bá jẹ́, bí ó bá kọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìyàwó kẹta dípò ìkejì. Lọ́yà ló sọ ọ́ fún mi bí a ṣe ń padà bọ̀. Ìpín ẹnikẹ́ni ò ní yí padà. Ó ti ṣírò rẹ̀.

Ó ṣì máa ń lọ sí Ìlàjẹ. Wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á bu ẹja fún un, wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Yàrá ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀, òfin sì ní ti Màmá ni.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, bí ó bá jẹ́ ìwọ ló jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn, tí ìyá kan wà nínú ilẹ̀, tí ìyá kejì ń yan ẹja lẹ́yìn fèrèsé, tí gbogbo ilé sì dákẹ́ tí wọ́n ń wo ìka rẹ, kí ni ìwọ ì bá tẹ̀?